Okùn Tí Naasa Ń Ta Ní Kókó

Àwọn tó sin Khalaf ò mọ ohun tó pa á. Ọmọ ogún ọdún, tó ń ru ìrèké láti oko dé ojú irin láìsinmi. Ipénpéjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wó, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e, gìrì wá mú un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó parí. Ọmọbìnrin tí àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin bí náà ò lè gbé garawa omi mọ́. Nígbà tí òwìwí tún wá bà sórí ọ̀pẹ dàbínù ilé wọn lọ́sàn-án gangan, ẹnu gbogbo wa kò: wọ́n ń jẹ ilé Ratiba, ìyá Khalaf, run.

Ta ló ń jẹ ẹ́? Naasa agbẹ̀bí ni. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Òun ló gbẹ̀bí gbogbo wa, ṣùgbọ́n láti oṣù méjì ló ti ń ti ojúlé dé ojúlé, okùn kan lọ́wọ́, tó ń bi àwọn obìnrin pé, "Kí lorúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ?" Bí wọ́n bá dá a lóhùn, á ta kókó kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin á ka baba rẹ̀ dé ìran keje fún ọ, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá kì í jáde lẹ́nu. Òun làwọn oníṣẹ́ ibi fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀. "Ìyá Lágbájá" là ń pe obìnrin títí dé sàréè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ìrun ti parí, a lọ kó ẹrù Naasa síta kó lè fi abúlé sílẹ̀. Ratiba ló ṣíwájú. Nawara ọmọ rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, ń tẹ̀ lé e.

"Ìyá Khalaf, jókòó ná, mu tíì," ni Naasa wí.

"O jẹ ọmọ mi tán, o wá ń wá tíì tí wàá fi tì í lọ́fun?" Àgbàlagbà ló ń sọ ọ́ sí o.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbà á lọ́jọ́ tó wáyé. Kí ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ratiba ò rẹ́rìn-ín. "Kó o tó lọ, tú okùn yẹn. Tú Nawara ọmọ mi sílẹ̀."

Ibi tá a ti ń fa ẹrù jáde ni ọkọ̀ dókítà dé, obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ àbúrò Ratiba nígboro. Kò wo ẹnì kankan nínú wa. "Màmá, ṣé ẹ ti parí okùn náà?" ló bi Naasa.

Ẹnu yà wá. Dókítà yìí ló rán an níṣẹ́. Ó ti bi àwọn ọkùnrin ilé Ratiba lórúkọ àwọn ìyá wọn, wọ́n fìbínú dìde. Naasa nìkan ló gbà láti bá a wá orúkọ àwọn ìyá náà, kò sì mọ̀wé kọ, ló fi ń ta kókó.

Naasa na okùn. "Kókó ńlá ni ìyá tí àìsàn yìí mú ọmọ rẹ̀. Hasina nìyí, tó bí ìyá Ratiba. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin nìyí, kókó ńlá ni gbogbo wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bí méje, nǹkan kan ò ṣe ìkankan."

"Ààrò wẹ́wẹ́ wà nínú ara wa tó ń sọ oúnjẹ di agbára," ni dókítà wí. "Ọwọ́ ìyá nìkan lọmọ ti ń gbà á. Ti ìdílé yìí ló lábùkù, ọpọlọ àti iṣan ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Kò sẹ́ni tó ṣe yín. Ìyá tó fún ọmọ gan-an lè má mọ̀."

Ratiba gba okùn. "Èmi ni mo fún un," ló wí. Ojú tì mí, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ìka rẹ̀ wá kan ìdí okùn, níbi tí kò sí kókó. "Ta ló ni ibí yìí?"

"Nawara ni. Mi ò tíì ta á. A ò tíì mọ̀ bí ọmọ inú rẹ̀ ṣe máa rí," ni Naasa wí.

Ratiba wo ikùn ọmọ rẹ̀ títí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù Naasa nílẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó sì gbé e wọlé padà. Ẹkún wà lóhùn rẹ̀ nígbà tá a gbọ́ ọ láti inú ilé.

"Ìyá, ibo lẹ ń gbé kẹ́tùlù yìí sí? Nawara, wọlé wá kí agbẹ̀bí rẹ."