Ó Lọ Tọrọ Aya, Ó Gbé Àga Bọ̀

Bàtà aláwọ̀ ewé méjì ni káfíńtà kọ́kọ́ rí. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ tábìlì olùkọ́, ó ń kan ẹsẹ̀ tábìlì tó yẹ̀, nígbà tí bàtà náà wọ kíláàsì, kò, kò, kò, tó wá dúró níwájú àwọn àga tó ṣófo. Ìṣó mẹ́rin wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí o, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kí obìnrin pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu?

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ohùn dídùn kan bẹ̀rẹ̀ lókè bàtà, "ó yẹ kí gbogbo wa máa jí ní ìdájí, nítorí pé..."

Ẹ̀rín pa káfíńtà. Ìṣó kan já bọ́ sílẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin lábẹ́ tábìlì. Ó dúdú, ó ń dán, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú," káfíńtà ní, lẹ́yìn tó ti tu ìṣó tó kù sọ́wọ́. "Wọ́n ti sọ ìyẹn."

"Wọ́n ti sọ kí ni?"

"Jíjí ní ìdájí. Èèyàn mọ́kànlá ló ti sọ ọ́ níbí. Ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn, ó tiẹ̀ pẹ́ dé."

Ọdún méje ni káfíńtà ti ń tún àga ṣe nílé-ẹ̀kọ́ yìí, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́sàn-án Sátidé. Olùkọ́ wọn, màmá kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn, ní ìwé ńlá kan tó kọ gbogbo àkòrí tí wọ́n ti sọ rí sí. Tó o bá gbé àkòrí wá, á ṣí ìwé, á fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ó ti wà ńbẹ̀." Ohun tí wọ́n sì ń pè é lẹ́yìn nìyẹn: Ó-ti-wà-ńbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí àkòrí tuntun fi yí àwọn èèyàn lọ́kàn padà, kò gba ìwé-ẹ̀rí. Láìsí ìwé-ẹ̀rí, aránṣọ wa yìí kò lè di olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ aránṣọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ti ń wù ú nìyẹn látọjọ́ tó ti kọ́kọ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Sátidé mẹ́fà péré ló kù fún un.

Ọgbọ́n wo ló dá? Ó ń gba ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ.

"Ká má mu sìgá?"

"Èèyàn mẹ́rìnlélógún. Ọ̀kan nínú wọn ń wúkọ́."

"Ká má purọ́ ńkọ́?"

"Ẹni tó sọ ìyẹn ní òun ò purọ́ rí láyé òun. Gbogbo kíláàsì ló hó lé e lórí."

Káfíńtà kì í sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Àmọ́ tí aránṣọ bá ti dé, ẹnu rẹ̀ á ṣí. Ó kan àpótí kékeré tó bá gíga ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mu. Aránṣọ náà sì bá a rán àpò ṣòkòtò rẹ̀ tí ìṣó ti lu.

"Ó dàárọ̀, aránṣọ mi," Jẹ́jẹ́ ní lọ́jọ́ kan.

"Ta ni aránṣọ rẹ?"

"Ẹnu mi ló yọ̀."

"Kó máa yọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó sì lọ, kò, kò, kò.

Bàbá aránṣọ ni wàhálà. Ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ àfi òun nìkan. "Káfíńtà?" bàbá ní nígbà tó gbọ́ ẹni tí ọmọ òun fẹ́ fẹ́. "Igi ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ bá ìwọ sọ? Ọkùnrin tí kò bá lè dúró níwájú mi kó sọ ohun tó ń fẹ́, kò lè fẹ́ ọmọ mi."

Ni Jẹ́jẹ́ bá múra lọ́jọ́ Sunday. Ó lọ aṣọ títí ó fi ń gé èèyàn lójú. Bàbá ṣílẹ̀kùn, ó wò ó látòkè délẹ̀, kí Jẹ́jẹ́ sì tó la ẹnu, bàbá nawọ́ sí àga ìrọ̀gbọ̀kú.

"Káfíńtà ni ọ́, àbí? Ó dáa. Àga mi ń dún. Gbé e."

"Ẹ ṣé, sà," nìkan ni Jẹ́jẹ́ rí sọ. Ó gbé àga rù, ó lọ!

Aránṣọ ń dúró dè é ní ìkóríta, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó rí àga tó ń bọ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì.

"Kí nìyẹn?"

"Àga bàbá yín."

"O lọ tọrọ aya, o gbé àga bọ̀!" Ẹ̀rín ń pa á, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kí ni bàbá mi tiẹ̀ sọ?"

"Wọ́n ní ó ń dún."

Ó bínú lọ. Odindi ọjọ́ márùn-ún aránṣọ kò gba ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ kọjá, ibẹ̀ sì ṣú mọ́ ọn lójú. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán Furaidé, tí Sátidé tó kẹ́yìn ku ọ̀la tí kò sì tíì rí àkòrí, aránṣọ gbé ìbínú mì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá Jẹ́jẹ́ lórí àga bàbá rẹ̀, ó dijú, ó fara ti apá òsì.

"O wá sọ àga bàbá mi di bẹ́ẹ̀dì?"

"Mò ń jókòó fún un ni," Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Àga tí mi ò bá tíì jókòó lé kì í kúrò níbí. Ọjọ́ kẹta rèé. Mo rò pé mo ti ṣe é tán, àfìgbà tí mo jókòó. Apá òsì ni bàbá yín máa ń fara tì, ibẹ̀ ni igi ti jẹ. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, wọn ò kàn fẹ́ kẹ́nì kan mọ̀ ni. Mo ti gbé apá òsì ga díẹ̀, kí wọ́n lè máa fi dìde."

Inú ilé kan náà ni aránṣọ àti bàbá rẹ̀ ń gbé, kò mọ̀. Ìfẹ́ ọkùnrin yìí wá wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Wọ́n ti sọ ọ́ rí?" ó bi í lójijì. "Pé kí ẹni tó bá ṣe nǹkan kọ́kọ́ lò ó wò fúnra rẹ̀, kó tó gbé e fún ẹlòmíì?"

Jẹ́jẹ́ ro ọdún méje padà. "Rárá," ó ní. "Ẹnì kankan ò sọ ìyẹn rí."

Ó dì mọ́ ọn tòun ti eruku pákó.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òbí kún kíláàsì, bàbá jókòó níwájú. Aránṣọ sọ àkòrí rẹ̀, Ó-ti-wà-ńbẹ̀ ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò rí nǹkan kan. Ó gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Jẹ́jẹ́ dúró sí. "Káfíńtà, ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti gbọ́ ọ rí?"

"Tuntun ni, mà."

Aránṣọ bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí aránṣọ wọ aṣọ tó rán fún odindi ọjọ́ kan. Ó ní kí ọ̀gá ilé ìwòsàn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, kí ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn pọn omi gòkè rẹ̀. Ó sọ ti káfíńtà kan tó fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó títí ó fi mọ ibi tó ń dun ẹni tó ni àga. Kò dárúkọ, àmọ́ ọwọ́ bàbá ti wà lórí orúnkún ọ̀tún.

"Ẹni tó bá sì fẹ́ dí èèyàn lẹ́nu lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀," ó fi parí ọ̀rọ̀, "kó kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ wò."

Àtẹ́wọ́ dún. Ó-ti-wà-ńbẹ̀ kọ àkòrí náà sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí lójú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ Sunday, Jẹ́jẹ́ gbé àga padà. Bàbá jókòó, ó di apá òsì mú, ó dìde láìfajú ro. Ó tún jókòó, ó tún dìde.

"Ta ló sọ ti orúnkún mi fún ọ?"

"Àga ni, sà."

"Hẹn-ẹn. Mo mọ ohun tó o bá wá lọ́jọ́ yẹn. Ta ló ń lọ aṣọ tó báyẹn torí àga? Mo mọ̀ọ́mọ̀ dí ọ lẹ́nu ni, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ̀rọ̀."

Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, sà. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ, àmọ́ mi ò ní fún un lóhun tí èmi fúnra mi ò lè jókòó lé."

Bàbá kúrò nídìí àga tí ẹlòmíì kò jókòó lé rí nílé náà, ó sì nawọ́ sí i.

"Jókòó, ọmọ mi."

Jẹ́jẹ́ jókòó. Àga náà kò dún rárá. Aránṣọ tó ti ń tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló pariwo ayọ̀.