Irinwó Wákàtí Lórí Àga Ilé Ìdáná

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀ kí n tó gé e dànù," ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí.

Inú bàálù kékeré oníjókòó méjì la wà, lókè réré. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kó máa kọ́ èèyàn ní bàálù wíwà. Mo ti yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi gbé mi. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé bí àlejò bá fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Inú bí mi. Irinwó wákàtí ni mo ti fi wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, lórí àga ilé ìdáná wa. Mo ti gbé ọ̀ọ́dúnrún èrò balẹ̀ nínú ìjì, tí mò ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Ṣé ọwọ́ èmi lẹnìkan ń lé bí eṣinṣin?

"Mo mọ gbogbo aago tó ń fi eré àti gíga bàálù hàn níwájú yín yìí."

"Ó dáa, dárúkọ wọn."

Mo dárúkọ wọn, ọ̀kan ò yẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "O ṣeun, dókítà aago. Ẹnu dùn-ún ròfọ́."

Ẹ̀rín yẹn gún mi dé ìfun.

Nígbà tá a fẹ́ balẹ̀, afẹ́fẹ́ ti bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Afẹ́fẹ́ kì í ti àga ilé ìdáná. Mo rò pé a ti ń já bọ́, mo bá di ọ̀pá mú, mo fà á. Imú bàálù gbéra, agogo ìkìlọ̀ ń ké, ọwọ́ mi kejì sì ń wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dá géèmù dúró. Orúnkún ara mi ni mò ń tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ mi dànù, ó fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. A já lulẹ̀ gìdì. Irin táyà iwájú ká kò bí ìwo àgbò.

Ọ̀gá sáré dé. "Ta ló fà á?"

"Èmi ni mò ń wà á, sà," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Kò wo ojú mi.

Ìbínú tún ru nínú mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ara mi ni mò ń bá bínú. "Irọ́ ni, sà. Èmi ni mo fa ọ̀pá."

"Mo mọ̀," ọ̀gá ní. "Ṣé ìwọ lo gbé ara ẹ wọ bàálù ni?" Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. "Kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ́kọ́rọ́ bàálù fún un.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ ju "jẹun" lọ. Kọ̀ǹpútà ò purọ́ fún mi: orúkọ aago tó kọ́ mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò dẹ́rù bà mí rí, ẹni tí ẹ̀rù ò bà rí ò sì mọ ohun tọ́wọ́ rẹ̀ máa ṣe lọ́jọ́ tẹ́rù bá dé. Èmi ni mo gbéra ga, ẹlòmíì ló pàdánù iṣẹ́.