Kọ́kọ́rọ́ Tó Kán Sínú Àgádágodo

Ọkùnrin kan wà tí kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣe, Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí ilẹ̀kùn bá há mọ́ ọ síta, bí àgádágodo rẹ bá dípẹtà, òun ni wàá sáré lọ bá. Yóò fi ojú kan wo ihò kọ́kọ́rọ́, yóò sì fi ojú kejì wò ọ́, bóyá ilé tìrẹ ni lóòótọ́.

Má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ojú kejì yẹn ni ìtàn yìí dá lé.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í sì í pa ọjọ́ ìsìn jẹ. Òun ló ń tọ́jú àwọn ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, ìjókòó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti ń rí ìpàkọ́ gbogbo ènìyàn. Ní ọdún kan, wòlíì àlejò kan wá, ó ń sọ àṣírí àwọn ará ìjọ fún wọn bí ẹni pé ọ̀run ló ti gbọ́ ọ. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ló fura. Ó tọpinpin títí ó fi rí i pé obìnrin kan nínú ìjọ ló ń ṣe òfófó fún wòlíì náà. Gbogbo ìjọ yìn ín, wọ́n ní Ọlọ́run ló fún un lójú.

Ìyìn yẹn dùn mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí kò fura sí mọ́. Ẹni tó bá gbàdúrà gùn, àṣehàn ló ń ṣe. Ẹni tó bá gbà á ní ṣókí, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi. Bí ẹnì kan bá ń sunkún níbi ìwàásù, á na ọrùn wò ó bóyá omi wà lójú rẹ̀ ní tòótọ́.

Ìfura loògùn àgbà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí ènìyàn ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, májèlé ló máa ń dà.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ káfíńtà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti mọra. Káfíńtà á so ilẹ̀kùn, òun á fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwọn méjèèjì nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, wọ́n bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ní ṣíṣí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ ti lọ. Olè náà kò fọ́ nǹkan kan. Nígbà tí àwọn alàgbà bèèrè ọ̀rọ̀, Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn méjì péré ló sọ.

"Èmi ti ilẹ̀kùn. Ẹ bi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyẹn tó. Káfíńtà kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kò sì tún wá sílé ìjọsìn mọ́. Ọdún mẹ́ta kọjá tí ìjọ ń pè é ní olè lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Aránṣọ ni, kì í sì í fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Á wẹ̀, á wé gèlè, á gbé abọ́ onídèérí kan, á sì jáde. Bó bá dé, á wọ yàrá, á ṣí àpótí kékeré rẹ̀, á ju nǹkan sí i, á tì í pa. Ọkọ rẹ̀ rí Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan. Ta ló máa ń bèèrè ohun tó rò pé òun ti mọ̀?

Àgádágodo àpótí yẹn ní ìtàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ṣe é nígbà tó ń fẹ́ obìnrin náà sọ́nà. Gbogbo àgádágodo tó bá ṣe ló máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kan sí ọwọ́, nítorí ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá sọ tirẹ̀ nù. Ti obìnrin yìí nìkan ni kò tọ́jú. Ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún un, ó ní, "Ohun tí o bá fi síbẹ̀, ìwọ lo ni ín."

Ní Ọjọ́bọ̀ karùn-ún, bí obìnrin náà ti wọ balùwẹ̀, ọkọ rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí lórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ọṣẹ tútù, ó nù ún, ó dá a padà. Bí obìnrin náà ti jáde nílé báyìí, ọkọ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn irin rẹ́ kọ́kọ́rọ́ tuntun látinú àpá tó wà nínú ọṣẹ. Ojú ọ̀nà ni ojú rẹ̀ wà, kì í ṣe ojú iṣẹ́. Ó rẹ́ ọrùn kọ́kọ́rọ́ náà tín-ín-rín jù. Ó fi í sínú àgádágodo, ó yí i, kò yí. Ó fipá yí i, ó kán. Ìdajì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì wà nínú ihò.

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó ń fi ẹ̀mú fa èyí tó kù nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé.

Obìnrin náà gbé abọ́ sílẹ̀. Kò pariwo.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ń wá?"

"Ibo lo ti ń bọ̀?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ bèèrè."

Ọkùnrin náà fi ẹ̀mú pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ṣí i lójú mi. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ láìwò."

Ó fi ayùn gé àgádágodo náà. Ìwé díẹ̀ ló wà nínú àpótí, kò sí nǹkan míì. Ọ̀kan ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́ nígbà èwe: *Mi ò tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kankan. Mo fọkàn tán ẹ.* Mẹ́rin tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Jésù rán sí mẹ́rin nínú àwọn ìjọ méje inú ìwé Ìfihàn, tí ìyàwó rẹ̀ dà kọ. Ti Éfésù ló wà lókè: ìjọ tó dán àwọn èké wò tó sì já irọ́ wọn, ṣùgbọ́n tó ti fi ìfẹ́ ìṣáájú rẹ̀ sílẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, obìnrin náà kọ ọ́ pé: *Olúwa, ọkọ mi rèé. Bá mi dá a padà.*

"Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni mò ń lọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó já bọ́ látorí òrùlé, kò lè dìde. Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un, òun náà ń ṣàlàyé ìjọ kan fún mi lọ́sẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ." Ó na ìwé kan sí i. "Ti òní rèé."

Ti Sádísì ni. Ìjọ tí ayé ń pè ní alààyè, tí Jésù sì sọ fún pé ó ti kú.

Wàyí o, òǹkàwé, jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yìí fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta. Òun ló kọ́kọ́ dé ilé ìjọsìn ní àárọ̀ ọjọ́ olè. Ó rí i pé ahọ́n kọ́kọ́rọ́, irin tó yẹ kó wọ inú férémù, yọ síta gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò sí àpá kankan lára férémù. Òjò ti wú ilẹ̀kùn náà. Òun ló tì í nírọ̀lẹ́, kò fà á dé ìdí kó tó yí kọ́kọ́rọ́, ahọ́n irin náà kò sì wọ ihò rẹ̀ rárá. Káfíńtà sì ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀! Kí àwọn alàgbà tó dé, ó yára yí ahọ́n náà padà, kó lè dà bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ló máa ń rò pé gbogbo ayé ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ó dìde, ó gba ilé káfíńtà lọ. Lójú ọ̀nà, ìfura kò jẹ́ kó sinmi. Bóyá pańpẹ́ ni. Bóyá wọ́n ti pe àwọn alàgbà sínú yàrá. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó kàn án.

"Kò tì," ni ohùn kan dáhùn. "Wọlé."

Ó wo ilẹ̀kùn náà. Wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀, ihò rẹ̀ ló kù. Káfíńtà nìkan ló wà nínú yàrá, ó dùbúlẹ̀, pákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ dà?"

"Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Mi ò lè dìde ṣí i fún àlejò."

"Àlejò wo lò ń retí?"

"Ìwọ ni."

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ìjọ yẹn," ó ní, "èmi ni. Èmi ni mi ò tì í dáadáa."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ta ló gbẹ́ férémù yẹn? Mo wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ní àpá, èmi náà ò sì ṣí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ? Kí lo ń wá lára mi?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "O ti tún bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá tú àṣírí ẹ, wàá kórìíra mi ni, o ò ní ronú pìwà dà. Ọ̀rẹ́ mi, ìjọ tó kẹ́yìn nínú méjèèje, Laodíkíà, Jésù alára ni wọ́n tì mọ́ta. Wọ́n ń kọrin nínú ilé, Òun ń kan ilẹ̀kùn níta. Bẹ́ẹ̀ Òun ló sọ fún ìjọ Filadẹ́fíà pé kọ́kọ́rọ́ Dáfídì wà lọ́wọ́ Òun. Kí ló dé tí kò kàn ṣí i?"

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ rántí ọṣẹ. Ó rántí kọ́kọ́rọ́ tó kán. Olúwa tó ní gbogbo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kò jí tẹnikẹ́ni rẹ́, ó dúró síta, ó ń kan ilẹ̀kùn! Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó na ọrùn wò ó.

Ó gbàdúrà níbẹ̀, àdúrà kúkúrú, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde níwájú ìjọ, ó sọ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Ìtìjú bá a, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò gba àgádágodo tuntun tó ṣe fún un. Ó ní àpótí náà kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá o ń fura sí ìwé pélébé yìí pàápàá: ta ló fi í lé mi lọ́wọ́, kí ló ń wá? O jàre, ayé ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà wo lo fura sí ọkàn tìrẹ gbẹ̀yìn? Ó lè jẹ́ pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé ìjọ, kí o sì ti Jésù mọ́ta láti ọjọ́ yìí wá, nítorí ohun kan tí o kò fẹ́ kó rí nínú ilé. Ó ti rí i, ọ̀rẹ́ mi. Síbẹ̀ kò lọ.

Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Káfíńtà dúró fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ìwọ? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an, kí o sì sọ ohun tí káfíńtà sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀:

"Kò tì, Olúwa. Wọlé."