Ibi Tí Bàbá Máa Ń Jókòó

"Ọkọ̀ yín yìí dàgbà ju ọ̀gá ilé ìwé wa lọ!"

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ Àbíkẹ́yìn, ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ọjọ́ tí wọ́n máa jáde ilé ìwé ti ń sún mọ́lé, ó sì ń wù ú kí wọ́n fi ọkọ̀ tó dùn-ún wò gbé òun náà lọ.

Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ àtijọ́ oníná roboto ni, ó ti ń rìn kí wọ́n tó bí bàbá fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ti bẹ ìyá Àbíkẹ́yìn títí pé kó tà á, ó kọ̀ jálẹ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á wọ inú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan, á jókòó síbi tí bàbá máa ń jókòó, á tilẹ̀kùn, á sì dákẹ́. Àbíkẹ́yìn rò pé ó ń sinmi lásán ni.

Àga ibẹ̀ ti ya, àárín rẹ̀ sì ti jìn. Àbíkẹ́yìn bá tọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń rán àga ọkọ̀ lọ.

"Bọ̀dá, màmá ní kí ẹ wá bá wa pààrọ̀ àga ọkọ̀ bàbá."

"Ṣé màmá yín fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni, sà." Irọ́ funfun báláú!

Kí ìyá tó ti ibi iṣẹ́ dé, àga tuntun ti ń dán gbinrin. Ìyá ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó sì ta gìrì dìde. Ó fi ọwọ́ wá àárín àga náà kiri.

"Ta ló dé ibí yìí?"

"Èmi ni mo ní kí bọ̀dá ṣe é, mà. Mo fẹ́ kó rí bíi tuntun ni."

Ìyá kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. "Ara bàbá yín ló gbẹ́ kòtò yẹn, ọmọ mi. Bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, ó máa ń dà bíi pé wọ́n gbé mi lé ẹsẹ̀ wọn ni. Àárò wọn ń sọ mí."

Àbíkẹ́yìn sáré lọ bá bọ̀dá. Eérú ló bá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, bọ̀dá ti dáná sun ògbólógbòó àga náà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó padà wálé, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Dìde," ni ìyá wí. "Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wá jókòó, kó o wo dígí òkè tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn yìí. Kí lo rí?"

"Òrùlé ọkọ̀ nìkan, mà."

"Bàbá yín ga jù wá lọ. Bí wọ́n ṣe yí dígí náà sí ojú ara wọn gẹ́lẹ́ ló ṣì wà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde ilé ìwé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya wá wo ọkọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sórí àga tuntun, ó sì nawọ́ sí dígí kó lè wo àtíkè ojú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́, má yí i. Ojú ẹnì kan ni wọ́n gbé e dè."

"Ojú ta ni?"

"Ti bàbá mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi etí aṣọ nu ojú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó gbó ló bàjẹ́, abèèrè kì í sì í ṣìnà. Ká ní Àbíkẹ́yìn bèèrè kó tó purọ́ ni, ìyá rẹ̀ ì bá ṣì rí àga bàbá jókòó sí nírọ̀lẹ́.