Ọkàn Tó Gba Ọ̀nà Jíjìn Dé

Ìbòmú ni Sẹ̀gilọlá kọ́kọ́ rí, funfun báláú láàárín èrò Ọjà'ba, lójú ọkùnrin gíga kan tó ń yẹra fún gbogbo ẹni tó bá wúkọ́. Ọjà ń tì í síbí, ó ń tì í sọ́hùn-ún, òun náà sì ń bẹ àwọn tó ń tì í pé kí wọ́n má bínú. Ó dúró níwájú ìsọ̀ tí Sẹ̀gilọlá ti ń sín tẹ̀súbáà.

"Bọ̀dá, kòrónà ti lọ o. Àbí ìyàwó yín lẹ ń sá fún?"

"Mi ò tíì níyàwó. Ṣé ẹ ń tà á níbí?"

"Tẹ̀súbáà là ń tà. Ẹ ṣí ojú, ká rí ẹni tí à ń bá nájà."

Ó fa ìbòmú wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rín tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú kí Sẹ̀gilọlá gbàgbé iye tó ń ta ọjà.

Jàmíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Pópó Yemọja tó ti Kánádà dé. Ó padà wá ra tẹ̀súbáà lọ́jọ́ kejì, ó tún wá, ó tún wá, títí ilé wọn fi fẹ́ di ilé àwọn ààfáà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀ tán, wọ́n jókòó lórí òkè Mápó, ó sì sọ ìdí ìbòmú fún un.

"Sẹ̀gi, ọkàn mi dákú lọ́hùn-ún. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí mi láyà tó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Wáyà yọ níkùn mi, bátìrì wà níbàdí mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń ṣáájì ara mi bíi fóònù."

"Irọ́ ni."

"Ká ní o di ọrùn-ọwọ́ mi mú nígbà náà, kò ní lù rárá. Mò ń rìn, mò ń jẹun, ọwọ́ mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ẹnì kan kú, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní kí wọ́n gbé ọkàn rẹ̀ fún mi. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mi kọ̀ ọ́ ni kì í jẹ́ kí n lè bá àìsàn jà."

Sẹ̀gilọlá wo àyà rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òkun.

Ó wá ku Alhaji Gàfárù, baba Sẹ̀gilọlá, nílé rẹ̀ l'Árẹ̀mọ. Bàbá yìí kì í wádìí ilé àna, kì í wádìí iṣẹ́. Yóò di ọrùn-ọwọ́ ọmọkùnrin mú, yóò ní òun ti fi ọmọ òun fún ẹlòmíràn. Bí iṣan ọwọ́ náà bá fò, ìfẹ́ òótọ́ nìyẹn. Bó ṣe fi gbogbo ẹ̀gbọ́n Sẹ̀gilọlá fọ́kọ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Jàmíù rò gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ fún un.

"Ọdún mélòó ló kù fún ẹ?" bàbá bi í. "Mi ò fẹ́ kọ́mọ mi tètè ṣopó."

"Alhaji, mi ò mọ̀. Àwọn dókítà ní àwa tá a ti lo ẹ̀rọ rí, bí a bá gba ọkàn tuntun, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pẹ́ tó àwọn tí kò lò ó. Ọ̀pọ̀ ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Àwọn kan ti lo ogún."

"Ogún ọdún? Kò dá èmi gan-an lójú pé màá rí ọdún tó ń bọ̀. Mú ọwọ́ wá." Ó dì í mú. "Ó dùn mí, Jàmíù. Mo ti fi Sẹ̀gilọlá fún Muhydeen."

Ọwọ́ ò fò. Ó ń lọ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ pọnmi.

Bàbá jù ú sílẹ̀. "O ò fẹ́ràn rẹ̀. Máa lọlé, ọmọ mi."

Sẹ̀gilọlá dìde dúró. Jàmíù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà. Ẹsẹ̀ kan wọlé, èkejì kọ̀. Ló bá gbá ara ilẹ̀kùn mú. Sẹ̀gilọlá sáré gbé ọwọ́ lé e láyà.

"Bàbá, ẹ wá. Ẹ tún dì í mú."

Ọrùn-ọwọ́ náà ń sáré bí àgbò Iléyá tó já okùn.

"Nígbà tí wọ́n ń gbé ọkàn yìí wá, wọ́n gé iṣan tó ń jíṣẹ́ fún un láti ọpọlọ," Jàmíù wí, ó ń mí hẹlẹ. "Inú ẹ̀jẹ̀ nìròyìn ń gbà báyìí. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni."

"Ìròyìn náà lọ yípo gba Mọníyà kó tó dé Bẹẹrẹ." Ohùn bàbá ti wálẹ̀. "Ọkàn ọmọ ọlọ́mọ, tí kò mọ Ìbàdàn rí, ló ń sáré nítorí ọmọ mi báyìí? Subuhánálláhì. Jàmíù, Muhydeen kankan ò sí. Irọ́ ni mo pa."

"Èmi ti gbọ́, Alhaji. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkàn náà gbọ́ tiẹ̀."

Wọ́n dúró. Bàbá ń ṣàdúà jẹ́jẹ́ fún òkú tí kò mọ orúkọ rẹ̀, títí ọwọ́ náà fi rọ̀. Nígbà náà ló fa ọwọ́ Sẹ̀gilọlá, tó fi lé ọrùn-ọwọ́ Jàmíù.

"Mi ò lè ṣèlérí ọdún fún ẹ," bàbá wí. "Ṣé o gbà á bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà á, Bàbá. Ì báà kéré, ì báà pọ̀."

Ó ku díẹ̀ kí ọkàn Jàmíù tó gbọ́ èyí náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró dè é.