Eruku Tó Ń Dá Ìbọn Verlin Lóhùn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi, ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán gangan ni, kò sì sí ọtí nínú mi. Kọfí tí Arlys ẹ̀gbọ́n mi sè nìkan ni mo mu, kọfí Arlys ò sì lágbára tó láti jí ẹni tó ń tòògbé, ká má tíì sọ pé kó mú èèyàn rí ohun tí kò sí.

Verlin, ọkọ Arlys, ní pápá ìjẹko kan lápá àríwá South Dakota, níbi tí koríko ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún náà, abo ẹṣin rẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ ihò ajá pápá. Ẹsẹ̀ náà kán. Verlin fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa á, ó wá gbé gàárì kọ́ èjìká, ó rìn wálé.

Ajá pápá kì í ṣe ajá o. Ọ̀kẹ́rẹ́ inú ilẹ̀ ni, ó sanra, ó sì máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́nu ihò rẹ̀ bí olùkọ́ tó ń wo ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ Verlin kiri. Arlys sì ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí màlúù bá fẹ́ padà sí pápá, òun máa fi ilẹ̀ náà háyà fún aládùúgbò, torí ó ti tó kí òun pàdánù ẹṣin, òun ò ní fi ọkọ kún un.

Ìbọn tí Verlin ní, irú kékeré tí wọ́n ń pè ní 223, ti pa àwọn tó wà nítòsí tán. Ó ku ọ̀kan. Ìyẹn wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kejì, ní ìkọjá odò gbígbẹ, ó jìnnà tó pápá bọ́ọ̀lù bíi mẹ́fà tí a tò tẹ̀ lé ara wọn. Ó máa ń dúró níbẹ̀ látàárọ̀. Kì í ké. Kì í sá wọ ihò. Verlin ní ńṣe ló dà bíi pé ó ń dúró de òun.

A lọ bá Gaylen ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tí àwọn ọlọ́dẹ ibí fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Gaylen ní 223 ò wọ́n lọ́ta, kì í sì í gbá èèyàn léjìká, ṣùgbọ́n tí ó bá ti lọ jìnnà, afẹ́fẹ́ ló máa pinnu ibi tó máa bà. Ó ní 22-250 yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ooru ọta rẹ̀ máa ń tètè jẹ ọ̀pá ìbọn náà. Verlin fẹ́ mọ ti 243.

"Ìyẹn á dé ibẹ̀," ni Gaylen wí. "Ọta rẹ̀ wúwo, afẹ́fẹ́ ò lè fi ṣeré. Ṣùgbọ́n á gbá ẹ léjìká, kí ojú ẹ tó padà sínú awò orí ìbọn, ọta ti balẹ̀. O máa nílò ẹni tó máa bá ẹ wo ibi tó bà."

Verlin wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹni tí mo ní nìyí."

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Gaylen dá a lóhùn, ó sì lọ gbé ìbọn náà wá.

Nílẹ̀ wa, ẹni tó ń wò ló ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń yìnbọn kì í bá a jiyàn. Bí o bá ní òsì, òsì ni. Èèyàn lè purọ́ nípa ẹja tó pa, ó lè purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, a máa fojú fò ó. Nídìí awò, kò sí ẹni tó ń purọ́.

Ọjọ́ tí a lọ, ooru mú. A tẹ́ tapólì sórí òkè wa, Verlin dojú bolẹ̀ sídìí ìbọn, ó fi nǹkan dé etí nítorí ariwo ìbọn. Èmi jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, mo gbé awò ńlá tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Àwọn ẹyẹ inú koríko ń kọrin. Ooru ń jó lórí ilẹ̀ bí omi tó mọ́. Nínú awò, gbogbo òkè kejì ń ṣàn, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìsàlẹ̀ odò. Ẹranko náà dúró sáàárín rẹ̀, kò mì.

Verlin yìnbọn. Eruku sọ lápá ọ̀tún ẹranko náà, ó jìnnà sí i.

"Ilà mẹ́ta sí òsì," ni mo wí, bí mo ṣe kà á lára àwọn ilà inú awò.

Àwọn ẹyẹ ti dákẹ́. Mo wá rí eruku mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ló ti sọ, nítòsí ọkọ̀ wa, jẹ́ẹ́ báyìí. Ó dúró sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó tú ká. Mo rò pé ìjì kékeré ni.

Verlin yí awò ìbọn rẹ̀, ó tún yìn ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ọta bà sún mọ́ ẹranko náà dáadáa. Ẹranko náà ò mira. Mo ka ìlù ọkàn mi díẹ̀, mo wẹ̀yìn. Eruku sọ lórí koríko, ó ti sún mọ́ wa bákan náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ìró, ó rọra dún láti ọ̀nà jíjìn bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé kejì.

Mo fọwọ́ tọ́ Verlin. Ó ṣí etí kan.

"Ẹnì kan ń yìnbọn sí wa," mo ní.

Ó fetí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní ilẹ̀ òun ni gbogbo ohun tí mo ń rí yìí títí dé ojú títì, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ pa èmi, ó dájú pé á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ Arlys kí wọ́n lè jọ ṣe é.

Ó dé etí rẹ̀ padà.

Mo fojú sínú awò. Ooru náà ṣàn, ó pín sí méjì bí aṣọ fèrèsé. Mi ò rí ẹranko kankan níbẹ̀. Mo rí ẹnì kan tó dojú bolẹ̀ sórí koríko. Mo rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lápá kan rẹ̀, ẹnì kejì jókòó, ó tẹ̀ síwájú sídìí ohun kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Dígí kan kọ mànà sí mi. Ooru tún pa dé. Nígbà tó ṣí, ajá pápá ló dúró síbẹ̀.

Ìbọn Verlin dún kí n tó lè lanu.

Ọta náà bà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹranko náà gan-an, mo rí i tí erùpẹ̀ bò ó. Nígbà tí mo máa wolẹ̀, ihò kékeré kan ti wà lára tapólì, láàárín ìgbọ̀nwọ́ Verlin àti orúnkún mi. Etí rẹ̀ mọ́ roro. Èéfín tín-ín-rín kan ń jáde níbẹ̀.

"Kí lo rí?" ni Verlin bèèrè. Ojú rẹ̀ ò kúrò nínú awò.

Ohun tí mo rí ni pé ó ku ìdajì ilà sí òsì. Ìdajì ilà péré, ó ti pa á. Mo tún rí i pé lọ́hùn-ún, nínú omi ooru yẹn, ẹni tó jókòó ti gbé ojú kúrò nídìí awò rẹ̀. Ó jìnnà ju kí n mọ ojú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi ló ń wò.

"Kí lo rí, àbí o ti sùn?"

"Ilà mẹ́rin," mo ní. "Sí ọ̀tún."

Verlin mí kanlẹ̀. Kò jiyàn. Ó yí awò, ó yìn ín, ọta náà lọ bà níbi tí kò sí nǹkan kan. Mo dúró. Ó pẹ́ kí eruku ọta tiwọn tó sọ, ó sọ jìnnà réré, lẹ́yìn ọkọ̀ wa, nínú pápá aládùúgbò.

A kó ẹrù wa. Mi ò wa ihò ara tapólì yẹn wò. Verlin ní ẹyín iná tó ta sí i láti inú iná tí a dá lọ́dún tó kọjá ló jó o.

Láti ìgbà náà, ìlú ti mọ̀ mí sí afọ́jú tó ń bá Verlin wo ọta. Arlys fi dandan mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ojú mi dára ju tòun lọ, èyí tún wá bí Verlin nínú gan-an. Ó ti bẹ àwọn mìíràn pé kí wọ́n bá òun lọ. Àwọn èèyàn tí kì í purọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́, mo máa ń ṣáájú wọn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú awò mi lápá, màá bẹ̀ ẹ́, màá fi ara mi ṣẹ̀sín, a óò jọ lọ, màá sì tún purọ́ fún un. Lọ́hùn-ún, ẹni tó jókòó náà ń purọ́ fún tirẹ̀. Mo mọ̀, torí a ṣì wà láàyè. Ó ti dà bíi pé mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀.

Lánàá a tún lọ. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Verlin dojú bolẹ̀, ó dé etí rẹ̀. Mo tún awò mi ṣe, mo dúró kí ooru pín.

Ó pín. Ẹni tó dojú bolẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ láti purọ́ fún un.

"Kí lo rí?" ni Verlin wí.