Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Mítà

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Bàtà méjì yọ síta lábẹ́ tábìlì láàbù, wáyà dúdú tó nípọn sì ń wọ́ tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti èyí tó kù wá," ni ohùn kan wí lábẹ́lẹ̀.

Ó tì í. Ọkùnrin náà yọjú, eruku bo irun rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn ọmọbìnrin náà fò, mi ò ní purọ́ fún yín.

"Ṣé gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá dé lẹ máa ń sùn sílẹ̀?"

"Ibi tí wọ́n bá ti rán mi níṣẹ́ nìkan ni."

Wọ́n gbà á kó wá so àwọn mítà tó ń wọn ooru ààrò àti àwọn ẹ̀rọ láàbù yòókù pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Mítà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń pè é. Ó pè é, mítà dáhùn, kọ̀ǹpútà kọ èsì sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an ni bàbá ọmọbìnrin náà ti ń fi bírò àti ìwé ńlá ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ ti mọ ibi tí wàhálà ti máa wá.

Ọmọbìnrin náà ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ níbẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì fi jọ kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ọmọbìnrin náà ń pe ọkùnrin náà ní Oníwáyà. Lọ́jọ́ kan, Oníwáyà gbé wáyà sílẹ̀, ó ní, "Olùfẹ́ mi, jẹ́ ká fẹ́ra."

Bàbá fajú ro nígbà tó gbọ́. "Ó fẹ́ gba iṣẹ́ mi, ó tún fẹ́ gba ọmọ mi? Kò ṣeé ṣe!"

"Bàbá mi, òun ni mo fẹ́." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mi ò ní sá lọ, mi ò sì ní yí ọkàn padà. Màá dúró títí ẹ ó fi gbà."

Ọjọ́ tí ọ̀gá láàbù máa yẹ iṣẹ́ wò pé. Bí kò bá dáa, Oníwáyà máa palẹ̀ mọ́ lọ sílùú rẹ̀. Ìwé Bàbá ní ogójì ni ooru ààrò. Kọ̀ǹpútà ní igba, ó tún ní mẹ́jọ.

"Èwo ló ṣì, ìwé ni àbí kọ̀ǹpútà?" ni ọ̀gá bi wọ́n.

Ó rọrùn láti sọ pé ojú àgbà ló ti ń ṣe bàìbàì. Oníwáyà ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìwé Bàbá ló tọ́, sà. Mo ka gbogbo rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mi ò rí àṣìṣe kan níbẹ̀. Tèmi ló ṣì, mi ò sì mọ ibi tó ti ṣì."

Bírò Bàbá dúró. Ó dìde, ó yí ẹ̀yìn mítà kan síta, èyí tí ọmọ rẹ̀ yá wá láti yàrá kejì, tó sì so mọ́ kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yẹn.

"Nọ́ńbà kan náà ló wà lára èyí àti ti ààrò. Wọ́n jọ ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà ni." Ó gbé mítà náà sórí tábìlì. "Àárọ̀ ni mo ti rí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni."

"Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó fi ẹnu bírò bàbá rẹ̀ tẹ bọ́tìnì kékeré ẹ̀yìn mítà náà, nọ́ńbà rẹ̀ yí padà. Kọ̀ǹpútà pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ogójì.

Ọ̀gá ní kí kọ̀ǹpútà máa kọ, kí Bàbá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá pa ìwé dé, ó yíjú sí Oníwáyà.

"Sátidé, aago mẹ́rin. Mú àwọn òbí rẹ wá sílé mi."

Omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà.

"Ẹ ṣé gan-an, sà!" ni Oníwáyà wí.

"Má pẹ́ o," ni Bàbá wí. "Màá kọ aago tẹ́ ẹ dé sílẹ̀."